Edoardo Bassini: Jagunjagun tí ó di ọ̀gá nínú ìwòsàn ìpá

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú àpá kì í jọ ojú ara. Edoardo Bassini mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí lára ara rẹ̀ kí ó tó di ìlú-mọ̀ọ́ká dókítà oníṣẹ́ abẹ. Ìlú Pavia ní Ítálì ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1844, ibẹ̀ náà ni ó sì ti gboyè dókítà ní ọdún 1866. Ní ọdún kejì, ó dara pọ̀ mọ́ àwọn ọmọlẹ́yìn Garibaldi tí wọ́n fẹ́ gba Róòmù lọ́wọ́ ìjọba Póòpù. Ní Villa Glori, ní ọjọ́ 23, oṣù kẹwàá, ọdún 1867, wọ́n fi ọ̀bẹ ẹnu ìbọn gún un ní apá ọ̀tún, níbi tí itan ti pàdé ikùn. Ọ̀bẹ náà dé ìfun, ìgbẹ́ sì ń gba ojú ọgbẹ́ jáde. Ó di ẹlẹ́wọ̀n ogun fún oṣù mélòó kan kí ó tó padà sí Pavia, níbi tí ọ̀jọ̀gbọ́n Luigi Porta ti tọ́jú rẹ̀.

Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó lọ kọ́ṣẹ́ sí i lọ́dọ̀ Billroth ní Vienna, Langenbeck ní Berlin àti Lister ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1882, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà nínú iṣẹ́ abẹ ní Yunifásítì Padua.

Láyé ìgbà náà, ìpá kò gbóògùn. Bí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ rẹ̀, ó sábà máa ń padà yọ, aláìsàn a sì tún máa di bẹ́líìtì ìpá kiri. Bassini rí i pé rírán ẹnu ihò nìkan kò tó. Láti ọdún 1884, ó bẹ̀rẹ̀ sí la ọ̀nà tí ìpá ń gbà ní ìpele dé ìpele, títí dé èyí tí ó jinlẹ̀ jù. Ó gé àpò ìpá kúrò, ó sì rán ìpele mẹ́ta pọ̀ kí ikùn lè ní ògiri tuntun. Ní ọdún 1890, ó tẹ àbọ̀ iṣẹ́ abẹ 262 jáde; nǹkan bí 3 péré nínú 100 ni ìpá wọn padà.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n tẹ̀ lé e ṣe iṣẹ́ náà láàbọ̀. Wọn kò la ìpele tí ó jinlẹ̀ jù, ìpá sì ń padà. Lẹ́yìn ọdún 1930, Attilio Catterina, tí ó ti bá a ṣiṣẹ́, gbé ìwé alàwòrán jáde láti fi ọ̀nà ọ̀gá rẹ̀ hàn bí ó ti rí gan-an.

Ewu mìíràn tún wà fún ẹni tí ó bá ń kánjú. Kì í ṣe ìfun nìkan ni ó ń bọ́ sínú ìpá. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀pá tóóró tí ń gbé ìtọ̀ láti inú kíndìnrín wá sí àpò ìtọ̀ ni ó máa ń há síbẹ̀, tàbí kí ó gba ihò ẹ̀yìn egungun ìbàdí yọ sí ìdí. Ìtọ̀ a há, kíndìnrín a wú, ẹ̀gbẹ́ a sì máa dun aláìsàn. Bí dókítà bá ṣèèṣì gé ọ̀pá náà, ọ̀ràn ńlá ni. Lóde òní, ẹ̀rọ CT tí ń ya àwòrán inú ara lè fi í hàn kí ọ̀bẹ tó kan ara. Dókítà a dá a padà sí àyè rẹ̀, a sì dí ihò náà.

Bassini di aṣòfin àgbà ní Ítálì ní ọdún 1904, ó sì kú ní ọdún 1924, ní ẹni 80 ọdún. Nẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ dókítà ń fi dí ìpá báyìí. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ pé ògiri ẹ̀yìn ni kí á tún mọ, iṣẹ́ ọkùnrin tí wọ́n gún ní Villa Glori ni ó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀.