Prince Hall àti Owó Ẹgbẹ́

Gbogbo ìgbà tá a bá ti dárúkọ owó ẹgbẹ́ lórí WhatsApp, ariwo ló máa ń dà. Àwọn kan á ní owó náà kéré jù, kò lè ṣe nǹkan kan. Àwọn mìíràn á ní àwọn ò mọ ibi tí ti èṣí wọlé sí. Ẹ jẹ́ n sọ ìtàn ọkùnrin kan fún yín.

Prince Hall lorúkọ rẹ̀. Ẹrú ni ní ìlú Boston, Amẹ́ríkà, kó tó gba òmìnira lọ́dún 1770. Iṣẹ́ awọ ló ń ṣe jẹun. Lóṣù kẹta ọdún 1775, òun àti èèyàn dúdú 14 mìíràn wọ ẹgbẹ́ Freemason lọ́dọ̀ àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ má mirí o, n ò ní kẹ́nikẹ́ni lọ wẹgbẹ́ awo! Ọ̀rọ̀ owó ló gbé mi débẹ̀.

Wọ́n gbà wọ́n láyè láti máa ṣèpàdé àti láti sin òkú ara wọn, ṣùgbọ́n wọn ò gbọdọ̀ gba ọmọ ẹgbẹ́ tuntun. Ni wọ́n bá kọ̀wé sí Lọ́ńdọ̀nù fún ìwé àṣẹ. Wọ́n fọwọ́ sí i ní 1784, àmọ́ 1787 ló tó tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́.

Lọ́dún 1788, wọ́n jí èèyàn dúdú mẹ́ta gbé ní Boston lọ tà. Hall àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé sí ìjọba, òfin tó ka òwò ẹrú léèwọ̀ jáde, àwọn mẹ́ta náà sì padà wálé. Ẹ rí i pé ẹgbẹ́ kékeré lè gba èèyàn là.

Láti 1789 dé 1797, wọ́n ń dá owó díẹ̀díẹ̀ ránṣẹ́ sí àpò àánú ẹgbẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Hall ń kọ lẹ́tà, ìgbà míì kò rí èsì. Ó kú ní 1807. Nígbà tó di 1813, Lọ́ńdọ̀nù yọ orúkọ ẹgbẹ́ náà kúrò nínú ìwé, torí wọn ò gbúròó wọn, wọn ò sì rí owó wọn mọ́.

Ṣé ẹgbẹ́ wá tú ká? Rárá. Ìwé àṣẹ wà lọ́wọ́ wọn, àkọsílẹ̀ owó tí wọ́n ti san sì wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1827 wọ́n kéde pé àwọn dá dúró. Títí dòní, orúkọ Prince Hall ni àwọn ẹgbẹ́ wọn ń jẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá san lóṣù yìí, ẹ gba rìsíìtì yín. Àwa tá a sì ń gbowó, ẹ jẹ́ ká máa kọ ọ́ sílẹ̀, ká máa kà á síta ní gbogbo ìpàdé.