Thomas Birch Freeman: Ẹlẹ́rìí Olúwa ní Kumasi àti ní Abẹ́òkúta

Àwọn ará wa tí wọ́n ti gbé Kumasi rí, kí àṣẹ ìjọba ní 1969 tó mú kí ọ̀pọ̀lọpọ̀ Yorùbá ti Gánà padà sílé, yóò mọ àdúgbò tí a ń pè ní Fante New Town. Orúkọ náà tó ìtàn fúnra rẹ̀. Olú-ìlú àwọn Asante ni Kumasi. Ará etí òkun ni àwọn Fante, ogun ni ó sì wà láàárín wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Lójú ọ̀nà tí ó ti etí òkun lọ sí Kumasi yìí ni a óò ti pàdé Ẹni-Ọ̀wọ̀ Thomas Birch Freeman, ẹni tí ó jẹ́rìí Olúwa ní gbangba níwájú ọba Asante, tí ó sì jẹ́ ẹ ní ilẹ̀ wa náà kí ọdún mẹ́rin tó pé.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a bí i, ní 1809. Adúláwọ̀ ni baba rẹ̀, òyìnbó ni ìyá rẹ̀. Iṣẹ́ ọgbà ni ó ń ṣe fún ọlọ́lá kan kí àwọn Mẹ́tọ́díìsì tó rán an sí Gold Coast. Ó gúnlẹ̀ sí Cape Coast ní January 1838. Gbogbo òjíṣẹ́ tí wọ́n ti rán ṣáájú rẹ̀ ni ikú ti pa. Kí oṣù méjì tó pé, aya tirẹ̀ náà kú. Freeman kò padà.

Ìjọ tí ó bá níbẹ̀ kò ti ọwọ́ òyìnbó bẹ̀rẹ̀, inú àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ Bíbélì sì máa ń dùn láti sọ ọ́. Láti 1831 ni àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin Fante kan, tí wọ́n kọ́ ìwé ní ilé-ẹ̀kọ́ inú ilé-odi Cape Coast, ti ń péjọ láti ka Ìwé Mímọ́. Ọ̀kan nínú wọn, William de Graft, bẹ ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan, Captain Potter, pé kí ó bá àwọn wá Bíbélì láti ìlú òyìnbó. Potter mú Bíbélì dé, ó sì mú oníwàásù kan wá pẹ̀lú rẹ̀, Joseph Dunwell, ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1835. Bíbélì ni wọ́n béèrè. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run ni ó bá a wá bí ènì. Kí a má ṣe gbàgbé orúkọ de Graft yìí.

Ní ìparí January 1839, Freeman gba ọ̀nà Kumasi. Ní Fomena wọ́n dá a dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan títí ìránṣẹ́ ọba fi dé. Kì í ṣe oníṣòwò, kì í sì í ṣe jagunjagun. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tí irú àlejò bẹ́ẹ̀ ń wá. Ní 1 April ó wọ Kumasi, ó gba àárín ogunlọ́gọ̀ ènìyàn kọjá títí ó fi dé iwájú Asantehene Kwaku Dua Kìíní. Ìsìnkú ará ilé ọba bọ́ sí àkókò náà, a sì fi ènìyàn rúbọ; Freeman kò jìnnà sí i. Síbẹ̀ kò dákẹ́. Ó sọ fún ọba pé ìwàásù àti ilé-ẹ̀kọ́ ni òun bá wá. Ọba kò kọ̀ ọ́, kò sì gbà á tán.

Ó tún dé ibẹ̀ ní December 1841. Ó mú ọmọ ọba méjì tí wọ́n ti wà ní ìlú òyìnbó bọ̀ wá sílé, Owusu Ansah àti Owusu Nkwantabisa, pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin kan tí ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ta ọba lọ́rẹ. Ẹ wo bí wọ́n ti fa ohun tí a ṣe fún òpópónà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba inú igbó kìjikìji! A máa ń rò ó nígbà mìíràn pé ìwàásù tí a kò tí ì túmọ̀ jọ kẹ̀kẹ́ náà: ó dára, ó ń dán, ṣùgbọ́n kò sí ojú ọ̀nà rẹ̀.

Freeman kò fi èdè Áfíríkà kankan wàásù. Ó ju àádọ́ta ọdún lọ tí ó fi wà ní etí òkun náà, nítorí náà a kò lè fi ọ̀rọ̀ yìí bò, ó sì dùn wá. Ẹnu ẹlòmíràn ni ó ń yá. Ní Kumasi èyí rọrùn díẹ̀, nítorí ọmọ ìyá ni èdè Fante àti ti Asante, bí Ìjẹ̀ṣà àti Ọ̀yọ́ ti rí láàárín wa. Ní ilẹ̀ Yorùbá kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní September 1842 òun àti de Graft gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Àwọn ará wa tí a ti kó lẹ́rú rí, tí wọ́n ti Sàró padà dé, ni wọ́n ti ń béèrè fún oníwàásù. Èdè Fante kò wúlò níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni de Graft náà ní láti sọ, kí àwọn ará Sàró tó sọ ọ́ di Yorùbá. Ní 11 December Freeman dé Abẹ́òkúta, Ṣódẹkẹ́ sì fi ayọ̀ gbà á. Nígbà tí ó padà sí Àgbádárìgì ní ọjọ́ tí ó ṣáájú Kérésìmesì, ó bá Henry Townsend ti C.M.S. níbẹ̀, wọ́n sì jọ ṣe ọdún. De Graft ni ó dúró ti ìjọ nígbà tí Freeman kọjá lọ sí ọ̀dọ̀ Gezo, ọba Dáhómì. A kì í dárúkọ rẹ̀ tó nínú ìtàn ìjọ ilẹ̀ wa.

Owó ni ó gbé Freeman ṣubú. Ó ń ná ju ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ là kalẹ̀ fún un lọ, ó sì fi ipò sílẹ̀ ní 1857. Ó ṣiṣẹ́ ìjọba, ó dáko. Ní 1873 ó padà sẹ́nu iṣẹ́ ìránṣẹ́. Ní Accra ni ó kú sí, ní August 1890. Nígbà náà odindi Bíbélì ti wà ní Twi láti 1871, ó ti wà ní Yorùbá láti 1884. Àwọn Fante, tí wọ́n yá a ní ẹnu, dúró de Májẹ̀mú Títun títí di 1896, wọn kò sì rí odindi Bíbélì ní èdè wọn títí di 1948.

Ṣùgbọ́n wọn kò dákẹ́ dè é. Ìtàn tí àwọn Mẹ́tọ́díìsì Gánà ń sọ ni pé Freeman ṣàkíyèsí pé àwọn tí kò mọ ìwé kì í lè bá wọn kọ orin Gẹ̀ẹ́sì, ó sì gbà wọ́n láyè kí wọ́n fi ohùn ìbílẹ̀ wọn kọ ohun tí wọ́n gbọ́ nínú Ìwé Mímọ́ lórin. Ebibindwom ni wọ́n ń pè é, ìyẹn orin àwọn adúláwọ̀. Ẹnìkan a dá a, ìjọ a gbè é. Nígbà mìíràn, bí oníwàásù bá kan ibi tí ó wọ ìyá àgbà kan lọ́kàn, ìyá a dá orin sílẹ̀ láàárín ìwàásù, oníwàásù a sì dúró dè é.

Ní 1903 ọkọ̀ ojú irin dé Kumasi láti etí òkun. Ìlú tí Freeman ti ní láti dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lójú ọ̀nà kí wọ́n tó jẹ́ kí ó wọ̀, àwọn Fante wá ń wọ̀ ọ́ tàwọn ti ẹrù wọn, orin náà sì wà lẹ́nu wọn.