Ian Donald: Dókítà tó lo ẹ̀rọ àwọn oníṣẹ́ irin láti fi wo inú aboyún

Bí ẹ bá dúró láàárọ̀ níwájú ibi tí wọ́n ti ń ṣe síkáànù ládùúgbò Challenge, nílùú Ìlọrin, kò ní í pẹ́ tí ẹ ó fi rí aboyún tó ń mu píọ́ wọ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn. Kì í ṣe òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́. Oyún rẹ̀ ṣì kéré ni, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún un pé kí ó mu omi yó, kí ó má sì tọ̀ ọ́. Ọkùnrin tó wà nídìí omi mímu yìí ti kú láti ọdún 1987. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ian Donald ni orúkọ rẹ̀.

Ìlú Liskeard, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n bí i sí lọ́jọ́ 27, oṣù Kejìlá, ọdún 1910. Ó kàwé ní Yunifásítì Cape Town kí ó tó kọ́ iṣẹ́ dókítà nílùú London, tó sì parí lọ́dún 1937. Nígbà ogun àgbáyé kejì, ó wọ iṣẹ́ ológun òfurufú. Ibẹ̀ ló ti mọ̀ nípa rédà àti sónà tí wọ́n fi ń wá ọ̀tá lójú ọ̀run àti lábẹ́ òkun. Ó tún wọ inú ọkọ̀ òfurufú tó ń jóná, tí bọ́ǹbù ṣì wà nínú rẹ̀, ó sì ń fa àwọn èèyàn jáde. Ìjọba fi oyè MBE dá a lọ́lá nítorí rẹ̀ lọ́dún 1946.

Ọdún 1954 ló di ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ìgbẹ̀bí ní Yunifásítì Glasgow. Ní tòsí ibẹ̀, ní Renfrew, iléeṣẹ́ Babcock & Wilcox ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wá ibi tó sán lára irin. Ìró tí etí kò lè gbọ́ ni ẹ̀rọ náà ń rán wọ inú irin. Ibi tí ìró bá ti kọlu nǹkan, á padà wá, bí ìgbà tí èèyàn ké sí àpáta tí àpáta sì dá a lóhùn. Lọ́jọ́ 21, oṣù Keje, ọdún 1955, Donald kó àwọn kókó àti àpò omi tí wọ́n ti gé jáde lára àwọn obìnrin sínú búùtù ọkọ̀ méjì, ó gbé wọn lọ síbẹ̀. Wọ́n tún fi ègé ẹran màlúù ńlá kan kún un, kí wọ́n lè fi wéra. Ó dá mi lójú pé àwọn òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ròyìn ọjọ́ náà délé.

Ohun tó rí tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ẹnjiníà ọ̀dọ́ kan, Tom Brown, àti Dókítà John MacVicar dara pọ̀ mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ dókítà kò kọ́kọ́ ka iṣẹ́ wọn sí, àfi ìgbà tí ọ̀rọ̀ obìnrin kan ṣẹlẹ̀. Ikùn obìnrin náà wú, wọ́n sì ti sọ pé jẹjẹrẹ inú ni, pé iṣẹ́ abẹ kò lè ràn án lọ́wọ́ mọ́. Donald gbé ẹ̀rọ lé e níkùn, ó rí i pé àpò omi ni. Wọ́n yọ ọ́ kúrò lára ibi tí ẹyin obìnrin wà, ara rẹ̀ sì yá. Lọ́jọ́ 7, oṣù Kẹfà, ọdún 1958, wọ́n gbé iṣẹ́ wọn jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet.

Nígbà tó di ọdún 1963, Donald rí i pé bí àpò ìtọ̀ bá kún, ó máa ń ti ìfun sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìró á gba inú omi kọjá, oyún kékeré á sì hàn. Ìyẹn ni ti píọ́ wọ́tà Challenge.

Òun fúnra rẹ̀ kò ní àlàáfíà púpọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fún un, síbẹ̀ kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó kú lọ́jọ́ 19, oṣù Kẹfà, ọdún 1987, lẹ́ni ọdún 76.

Ohun kan wà tí kò rí kí ó tó kú. Bí dókítà bá fẹ́ fi abẹ́rẹ́ gún kókó nínú ara, ojú ẹ̀rọ ni àwòrán wà, ara aláìsàn ni ọwọ́ rẹ̀ wà, á wá máa yí ọrùn síhìn-ín sọ́hùn-ún. Lọ́dún 1992, Henry Fuchs àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì North Carolina, ní Amẹ́ríkà, ṣe ohun kan tí wọ́n ń dé sórí, tó ní ojú tẹlifíṣàn kékeré níwájú ojú. Ẹni tó bá dé e á máa wo aláìsàn, á sì rí àwòrán síkáànù náà ní ibi tó wà gan-an nínú ara. Nígbà tó fi máa di ọdún 1996, wọ́n ti ń fi irú rẹ̀ tọ́ abẹ́rẹ́ sọ́nà nínú ọmú àtọwọ́dá tí wọ́n fi ń dánrawò. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi ti ọdún 1992 wò ni ikùn aboyún.