Hans Albert Einstein

Hans Albert Einstein (ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún, ọdún 1904 – ọjọ́ 26 oṣù Keje, ọdún 1973) jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ àti ọ̀jọ̀gbọ́n, ọmọ bíbí Swítsàlandì tí ó ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fi ìṣirò ìṣeéṣe ṣàlàyé bí omi odò ṣe ń gbé iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ láti ibì kan dé ibòmíràn. Òun ni àkọ́bí ọkùnrin Albert Einstein, gbajúmọ̀ onímọ̀ físíìsì.

Ìgbà èwe àti ẹ̀kọ́

Ìlú Bern ni a bí i sí. Mileva Marić, ọmọ Sérbíà tí òun náà kẹ́kọ̀ọ́ físíìsì, ni ìyá rẹ̀. Àwọn òbí rẹ̀ pínyà ní ọdún 1914: bàbá dúró sí Berlin, ìyá sì kó Hans Albert àti Eduard àbúrò rẹ̀ padà sí Zürich. Ní ọdún 1919, ìgbéyàwó náà tú ká pátápátá. Ọ̀rọ̀ yìí dun Hans Albert gan-an, ó sì bínú sí bàbá rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Ó kàwé ní ETH, ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí bàbá rẹ̀ náà lọ ní Zürich, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹ̀rọ tó jẹ mọ́ kíkọ́ afárá, ilé àti dáàmù ni ó yàn. Yíyàn yìí kò tẹ́ bàbá rẹ̀ lọ́rùn. Ó gboyè ní ọdún 1926, ó sì lọ ṣiṣẹ́ ní Dortmund, ní Jámánì. Ní ọdún 1927, ó gbé Frieda Knecht, tí ó fi ọdún mẹ́sàn-án jù ú lọ, níyàwó. Bàbá rẹ̀ tako ìgbéyàwó náà gidigidi, bí àwọn òbí tirẹ̀ ṣe tako Mileva nígbà kan rí.

Iṣẹ́ lórí odò

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, ó padà sí Zürich láti ṣiṣẹ́ lábẹ́ Eugen Meyer-Peter, ẹni tí ń ṣe ìwádìí lórí òkúta tí odò Rhine ń kó láti orí òkè wá. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1936. Kí ó tó dé, èrò ọ̀pọ̀ ni pé òkúta a máa ṣí nípò ní kété tí ipá omi bá ti kọjá òdiwọ̀n kan. Hans Albert ní tirẹ̀ ṣàlàyé pé ìrìn òkúta kì í tẹ̀ léra: yóò fò díẹ̀, yóò sinmi, yóò tún gbéra. Kò sí ẹni tí ó lè sọ ìgbà tí òkúta kan pàtó yóò gbéra, ṣùgbọ́n a lè ṣírò iye tí yóò kọjá bí òkúta náà bá pọ̀.

Ní ọdún 1938, ó kó ìdílé rẹ̀ lọ sí South Carolina ní Amẹ́ríkà. Àsìkò náà ni orílẹ̀-èdè náà ń kojú bí ẹ̀fúùfù àti àgbàrá ṣe ń gbá ilẹ̀ oko lọ, ó sì bá àjọ ìjọba tí ń dáàbò bo ilẹ̀ ṣiṣẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1939, àìsàn diphtheria pa Klaus, ọmọ rẹ̀ tí kò tíì pé ọdún méje.

Ní ọdún 1940, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìyàtọ̀ hàn láàrin ẹrù méjì tí odò ń rù: iyanrìn àti òkúta tí ó wà nísàlẹ̀ odò, àti amọ̀ lẹ́búlẹ́bú tí òjò wọ́ wá láti oko àti ẹ̀gbẹ́ òkè. Agbára omi ni ó ń pinnu iye ti àkọ́kọ́. Iye ìkejì wà lọ́wọ́ bí àwọn ènìyàn ṣe ń lo ilẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tí yóò ṣírò ẹrẹ̀ inú odò ńlá fi gbọ́dọ̀ wo gbogbo ilẹ̀ tí omi rẹ̀ ń ṣàn wọ inú odò náà.

Ó ṣiṣẹ́ ní Caltech láti 1943 sí 1947, lẹ́yìn náà ó di olùkọ́ ní Yunifásítì California ní Berkeley. Ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1950 so ẹrù ìsàlẹ̀ odò pọ̀ mọ́ èyí tí ó léfòó nínú omi, ó sì ṣírò ìwọ̀n iyanrìn kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Qian Ning, padà sí Ṣáínà ní ọdún 1955, ó sì di aṣáájú nínú ìwádìí ẹrẹ̀ Odò Yẹ́lò.

Ikú àti ogún rẹ̀

Frieda kú ní ọdún 1958. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó fẹ́ Elizabeth Roboz, onímọ̀ nípa kẹ́míkà inú ọpọlọ. Ó fẹ̀yìn tì ní ọdún 1971, ó sì kú ní Woods Hole, Massachusetts, nítorí àìsàn ọkàn. Láti ọdún 1988 ni ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti ń fi àmì-ẹ̀yẹ kan sọrí rẹ̀.

Ìbéèrè tí ó fi ayé rẹ̀ wádìí kan ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú. Ẹrẹ̀ tí òjò bá gbá kúrò lóko a máa rọ́ sẹ́yìn dáàmù, irú èyí tí a kọ́ sórí Odò Ògùn ní Ìkéré, nítòsí Ìsẹ́yìn, tàbí sórí Odò Ọya ní Káínjì. Bí ẹrẹ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni àyè omi ń dín kù.