Àdùnní Olóòrìṣà: Ayàwòrán Tó Bá Ìdákẹ́jẹ́ Pàdé Lábẹ́ Aṣọ Àlà

Bí a bá ti dárúkọ Susanne Wenger, ère ńláńlá inú igbó Ọ̀ṣun ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ rántí. Ní tèmi, ibùsùn àìsàn ni mo máa ń rántí.

Ìlú Graz ní orílẹ̀-èdè Austria ni wọ́n ti bí i, ní ọjọ́ 4 oṣù Keje, ọdún 1915. Ó kọ́ iṣẹ́ ọnà níbẹ̀ àti ní Vienna, níbi tí Ogun Àgbáyé Kejì ti bá a. Àwọn àwòrán tó yà lásìkò ogun yẹn dà bí ohun téèyàn ń rí lójú àlá burúkú. Ní 1949 ó bá Ulli Beier pàdé ní Paris. Ulli rí iṣẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, àwọn méjèèjì sì dé ilẹ̀ wa ní 1950.

Kò pẹ́ tí wọ́n dé ni ikọ́ ife dá a dùbúlẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ayàwòrán tí kò lè dìde, tí kò gbọ́ èdè àwọn tó yí i ká, kí ló kù fún un bí kò ṣe kó máa wò, kó sì máa tẹ́tí sílẹ̀? Mo gbà pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ ti yí padà.

Lẹ́yìn náà ló bá Ajagẹmọ pàdé ní Ẹdẹ, àgbà olóòrìṣà Ọbàtálá. Bàbá kò gbọ́ èdè rẹ̀, òun náà kò tíì gbọ́ Yorùbá, síbẹ̀ wọ́n yé ara wọn. Kì í ya àwa olóòrìṣà lẹ́nu. Ẹni tó bá ti jókòó ti àgbà nídìí òrìṣà mọ̀ pé kì í ṣe ẹnu nìkan ni a fi ń kọ́ni. Ọbàtálá kúkú ni alámọ̀ tó ń mọ ojú, tó ń mọ imú ọmọ sínú oyún, òrìṣà aláṣọ àlà tí ẹmu jẹ́ èèwọ̀ rẹ̀. Níbo ni ayàwòrán tó ń wá ìtòrò ọkàn ì bá tún gbà? Wọ́n ṣe ọ̀sìn fún un, ó sì di Àdùnní.

Ó gbé Ìlobùú, kó tó wá fìdí kalẹ̀ sí Òṣogbo. Iṣẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ bá ìwà rẹ̀ mu púpọ̀: a óò fi ẹ̀kọ gbágùúdá ya ọnà sára aṣọ, a óò dúró kó gbẹ, a óò rẹ ẹ́ sínú aró, a óò tún sá a. Ẹni tí ara ń kán kò lè ṣe é. Ìtàn òrìṣà ló ń yà sórí aṣọ títóbi bẹ́ẹ̀.

Ní ìparí àwọn ọdún 1950, ikán ti ń jẹ ojúbọ Ọ̀ṣun, àwọn agégi àti àwọn tó ń wá ilẹ̀ sì ń fẹ́ jẹ igbó náà tán. Òun àti Adébísí Àkànjí, tó jẹ́ bíríkìlà, bẹ̀rẹ̀ sí í tún ibẹ̀ ṣe. Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí tó ń gbẹ́ òkúta àti Kàsálí Àkàngbé tó ń gbẹ́ igi wà lára àwọn tó dara pọ̀ mọ́ wọn. Ẹni tó ń wá ìdákẹ́jẹ́ wá di ẹni tó ń bá èèyàn fa wàhálà lórí igi, ẹja àti ẹran ìgbẹ́, nítorí pé láìsí igbó, kò sí ibi tí ìdákẹ́jẹ́ máa gbé.

Àwọn kan ń sọ pé àwọn ère wọ̀nyẹn kò jọ ti àwọn baba wa. Òótọ́ ni, kò jọ ọ́. Ṣùgbọ́n odò ni a ń bọ, kì í ṣe sìmẹ́ǹtì. Lójú tèmi, àwọn ère náà jẹ́ ẹ̀ṣọ́: ẹni tó fẹ́ gbé àáké wọ igbó, tó bá kan Ìyá Mòpó lójijì, á kọ́kọ́ dúró ná.

Ìjọba sọ apá kan igbó náà di ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè ní 1965. Ní 2005, nígbà tí Àdùnní pé ẹni 90 ọdún, UNESCO kọ gbogbo rẹ̀, hẹ́kítà 75, sínú ìwé ogún àgbáyé. Ó wàjà ní Òṣogbo ní ọjọ́ 12 oṣù Kìíní, ọdún 2009, lẹ́ni ọdún 93. Òjò àti oòrùn kò jẹ́ kí amọ̀ àti sìmẹ́ǹtì wọ̀nyẹn sinmi, nítorí náà àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ṣì ń rẹ́ wọn lẹ́yìn ikú rẹ̀.