Dókítà Ògúntọ́lá Sapara: Iṣẹ́ Tí Kò Bá Olóhun Kú

Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀ṣà nílé àti lẹ́yìn odi, ó yẹ kí a rántí Olóògbé Dókítà Ògúntọ́lá Sapara. Freetown ni a gbé bí i ní 1861. Ọmọ Iléṣà ni bàbá rẹ̀, ẹni tí a gbà sílẹ̀ lóko ẹrú. Arákùnrin rẹ̀ ni Christopher Sapara Williams, tí ó kọ́kọ́ di lọ́yà ní Nàìjíríà. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni ó kọ́kọ́ kọ́ kí ó tó yà sí ìṣègùn. Ó gba ìwé ẹ̀rí dókítà ní Scotland ní 1895, ó sì wọ iṣẹ́ ìjọba ní Èkó ní 1896.

Ní àkókò náà, àrùn ṣọ̀pọ̀nná ń sọ ilé dahoro. Ní 1897, Dókítà wọ ẹgbẹ́ àwọn aworo rẹ̀ láti mọ àṣírí wọn, ó sì rí i pé wọ́n ń tan àrùn náà ká. Kò fi ìmọ̀ náà sínú. Ó gbé e fún ìjọba, òfin sì fi ìsìn náà léèwọ̀. Ó tún ṣiṣẹ́ takuntakun ní dìsípẹ́ńsárì Massey Street. Ó fẹ̀yìn tì ní 1928, ó kú ní 1935, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ibẹ̀ kò tì: ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ni ó dà.

Iṣẹ́ ìjọba ni tirẹ̀, ìjọba ni ó sì ń wá arọ́pò. Ṣùgbọ́n dókítà tí ó dá ilé ìwòsàn tirẹ̀ sílẹ̀ ní Iléṣà tàbí Òṣogbo, òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá a. Bí ó bá kú láìṣètò, ilé ìwòsàn a di ogún tí àwọn ọmọ ń pín ní ìdí-igi. Òfin kò sì gba ọmọ tí kò kọ́ ìṣègùn láyè láti tọ́jú aláìsàn. Ìwé ìtọ́jú a di oúnjẹ ikán, aboyún a sì máa wá ibi tí yóò forí lé lóru.

Nítorí náà, a bẹ àwọn dókítà wa: ẹ mú ọ̀dọ́ dókítà mọ́ra nígbà tí agbára ṣì ń bẹ. Ẹ jẹ́ kí ó ní ìpín níbẹ̀, kí àwọn aláìsàn sì mọ̀ ọ́n. Ẹ fi ìwé lọ́yà ya ilé ìwòsàn kúrò nínú ogún. Àwọn oníṣègùn àtijọ́ pàápàá a máa mú ọmọ wọgbó, kí wọ́n fi ewé hàn án kí ọjọ́ tó lọ.

Bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí iṣẹ́ rere bá wa wọlẹ̀. Àmín.