Frank Marshall

Frank James Marshall (ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1877 – ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá ọdún 1944) jẹ́ ọ̀ta ayò ṣẹ́ẹ̀sì ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ó di ipò ọ̀gá àwọn atayò ṣẹ́ẹ̀sì Amẹ́ríkà mú láti ọdún 1909 títí di ọdún 1936, nígbà tí ó fúnra rẹ̀ yọ̀ǹda rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni a fi ń pe Ìkọlù Marshall, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka tí ó gbóná jù lọ nínú Ìbẹ̀rẹ̀ Ruy López, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pàdánù eré tí ó sọ ẹ̀ka náà di olókìkí.

Ìgbésí ayé

Ìlú New York ni wọ́n ti bí Marshall, ṣùgbọ́n Montreal ní Kánádà ni ó ti lo ìgbà èwe rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ni ó kọ́ ọ ní ayò yìí nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 10. Ní ọdún 1904, ó gba ipò kìíní ní ìdíje Cambridge Springs ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania láìpàdánù eré kankan, ó sì fi Emanuel Lasker, ọ̀gá àgbáyé ìgbà náà, sẹ́yìn.

Ìfigagbága ẹlẹ́ni-méjì kò rọ̀ ọ́ lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó kojú Lasker fún ipò ọ̀gá àgbáyé ní ọdún 1907, ó pàdánù eré 8, 7 di ọ̀mì, kò sì borí nínú ẹyọ kan. Ní ọdún 1909, José Raúl Capablanca, ọmọ ilẹ̀ Kúbà tí kò ju ọmọ 20 ọdún lọ, borí rẹ̀ ní eré 8 sí ẹyọ kan, ọ̀mì 14. Marshall gbẹ̀san díẹ̀ ní Havana ní ọdún 1913: ó ṣe ipò kìíní, Capablanca ṣe ìkejì nílé ara rẹ̀.

Marshall kì í ṣe atayò tí ń ṣahun ọmọ ayò. Ní Breslau ní ọdún 1912, ó gbé ayaba rẹ̀ síbi tí Stepan Levitsky ti lè pa á ní ọ̀nà mẹ́ta. Èyíkéyìí tí Levitsky ìbá yàn, yóò pàdánù.

Ìkọlù Marshall

Orúkọ àlùfáà ará Sípéènì kan tí ó kọ ìwé nípa ayò náà ní ọdún 1561 ni a fi pe Ìbẹ̀rẹ̀ Ruy López. Ìrìn tí ó kan Marshall nìyí: 1.e4 e5 2.Nf3 Nc6 3.Bb5 a6 4.Ba4 Nf6 5.O-O Be7 6.Re1 b5 7.Bb3 O-O 8.c3 d5. Oníṣọ̀ọ́ra yóò ti ọmọ-ogun rẹ̀ sí d6 láti dáàbò bo e5. Marshall tì í dé d5, ó sì fi e5 sílẹ̀ fún funfun láti pa. Kì í ṣe ìwà aláìnírònú rárá. Ọmọ-ogun tí funfun gbé sí c3 ti gba àyè tí ẹṣin rẹ̀ ìbá jáde sí; bí ó bá fi ẹṣin àti ilé-ìṣọ́ pa e5, ẹṣin kejì, bíṣọ́ọ̀bù kan àti ilé-ìṣọ́ kan ṣì wà nílé láìmira, nígbà tí àwọn ọmọ ayò dúdú ń kóra jọ dojú kọ ọba rẹ̀.

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá ọdún 1918, ní ìdíje New York, Marshall fi ìrìn yìí kojú Capablanca. Ìtàn kan gbilẹ̀ pé ó ti fi í pamọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún de ọkùnrin yìí. Ìtàn náà dùn létí, ṣùgbọ́n kò bá àkọsílẹ̀ mu: Marshall ti lò ó fún Walter Frere ní ọdún 1917, wọ́n sì ti ta á ní Havana láti ọdún 1893. Capablanca pa ọmọ-ogun náà. Ẹṣin Marshall já wọ f2, bíṣọ́ọ̀bù àti ayaba tẹ̀ lé e, ọba funfun sì rìn láàárín iná náà dé e2. Ó yè é. Capablanca borí ní ìrìn 36.

Marshall kò sọ ohun ìjà rẹ̀ nù. Ní ìrìn kọkànlá, níbi tí ó ti dá ẹṣin rẹ̀ padà sí f6 lọ́jọ́ náà, ó rí i lẹ́yìn náà pé ó sàn kí ẹṣin dúró ní d5, kí ọmọ-ogun c6 sì tì í lẹ́yìn. Èyí ni ọ̀nà tí wọ́n ń tọ̀ títí di òní. Boris Spassky lò ó fún Mikhail Tal ní ọdún 1965. Ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀ta a máa yà kúrò lọ́nà rẹ̀ pátápátá, wọn a ta a4 tàbí h3 ní ìrìn kẹjọ dípò c3.

Ìgbà ìkẹyìn

Ní ọdún 1915, Marshall dá ẹgbẹ́ atayò sílẹ̀ ní New York, èyí tí ó di Marshall Chess Club. Ó wà nínú ikọ̀ Amẹ́ríkà tí ó gba ipò kìíní ní Òlíḿpíádì ṣẹ́ẹ̀sì ní ọdún 1931, 1933, 1935 àti 1937. Ó kú ní Jersey City, ní ìpínlẹ̀ New Jersey. Caroline, ìyàwó rẹ̀, ni ó ń bójú tó ẹgbẹ́ náà lẹ́yìn rẹ̀.